Ìhàlẹ̀ Asán: Ṣé Irọ́ Ni, Tàbí Ọgbọ́n?

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ ní ìwé rí wá kí mi nílé. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ ìṣirò púpọ̀ nígbà tí ó wà ní kíláàsì mi, ìlú òkèèrè ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nísinsin yìí. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó yọ páálí káàdì kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Mo ní ìbéèrè kan tí ó ń dà mí láàmú, n kò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè bi." Mo ní kí ó máa wí. Ó ní, "Eré kan wà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣe, póká ni wọ́n ń pè é. Nínú eré náà, ènìyàn lè ṣe bí ẹni pé káàdì rere wà lọ́wọ́ òun nígbà tí kò sí ohun kan níbẹ̀, kí ẹnìkejì lè bẹ̀rù kí ó sì sá. Èkínní, mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni mo ń pa. Èkejì, bí kì í bá ṣe irọ́, èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí mo bá ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde kúrò nídìí tábìlì?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò wí pé, "Kí ni kátíkíìsì ń wá nídìí káàdì?" Èmi pàápàá kọ́kọ́ bi ara mi bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ràn tẹ́tẹ́, n kò sì ní yìn ín níhìn-ín. Mo ti rí ọkùnrin tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ta á, tí ó sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, mo sì sọ èyí fún àlejò mi kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n bí mo ti rò ó síwájú, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀ràn owó ni ó gbé wá bá mi bí kò ṣe ọ̀ràn òtítọ́, olùkọ́ tí a bá sì bi léèrè nípa òtítọ́ kò gbọdọ̀ lé oníbéèrè jáde. Nítorí náà ni a ṣe da àgbàdo gbígbẹ sórí ẹní dípò owó, a kò fi kọ́bọ̀ kan sí i, ó sì kọ́ mi ní eré náà fún alẹ́ mẹ́ta. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀, àti ohun tí ó mú mi rántí nípa ara mi, ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Káàdì 52 ni ó wà nínú páálí kan. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n, 13 sì wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú irú póká tí a sábà máa ń fi ṣe ìdíje lóde òní, a ó fún olúkúlùkù ní káàdì méjì tí òun nìkan yóò rí. Lẹ́yìn èyí a ó ṣí káàdì márùn-ún sáàárín fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Nínú méje yìí ni olúkúlùkù yóò ti yan márùn-ún tí ó dára jù lọ. Kí a tó ṣí wọn, àti lẹ́yìn ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá kàn lè fi owó sáàárín, tàbí kí ó fi iye tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀, tàbí kí ó fi kún un, tàbí kí ó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì jáde nínú ìpín náà. Bí gbogbo àwọn yòókù bá ju tiwọn sílẹ̀, ẹni tí ó kù ni yóò kó owó àárín, ẹnìkan kò sì ní ẹ̀tọ́ láti wí fún un pé, "Fi káàdì rẹ hàn wá." Inú òfin ìkẹyìn yìí ni ìhàlẹ̀ asán ti jáde wá, nítorí ẹni tí kò ní ohun kan lọ́wọ́ lè fi owó púpọ̀ sílẹ̀, kí ó fi lé ẹni tí ó ní nǹkan lọ.

Nínú ìdíje, iye kan náà ni gbogbo ènìyàn ń san láti wọlé, iye owó eré kan náà ni a sì ń fún wọn. Owó eré yìí kì í ṣe owó ọjà. Ohun róbótó kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán, ó di ilé. Ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi owó ọ̀ranyàn sílẹ̀ kí a tó pín káàdì, owó ọ̀ranyàn yìí a sì máa pọ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ. Ìdíje tí ó lókìkí jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé tẹ́tẹ́ Horseshoe, ní ìlú Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2003, ènìyàn 839 ni ó wọ inú ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù, níbi tí olúkúlùkù ti ń fi 10,000 dọ́là wọlé.

Wàyí o, káàdì rere ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 17 ni káàdì méjì tí a fún ènìyàn máa ń jọra; kí méjèèjì sì jẹ́ áàsì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ gbogbo àwọn tí ó jókòó yí tábìlì ká ṣófo. Bí ẹnìkan bá pinnu pé òun kì yóò fi owó sáàárín láé àfi bí káàdì rere bá wà lọ́wọ́ òun, kò ní pẹ́ tí gbogbo ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ó bá fi owó sílẹ̀, wọn yóò sá, kì yóò sì jèrè ohun rere tí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary, kọ̀wé lórí ìṣirò irú eré báyìí ní ọdún 1928. Nígbà tí òun àti Oskar Morgenstern sì tẹ ìwé ńlá wọn jáde ní ọdún 1944, wọ́n fi ìṣirò hàn pé ẹni tí yóò ta póká dáradára gbọ́dọ̀ halẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí méjì ni wọ́n rí: kí aláìlágbára lè dàbí alágbára, àti kí alágbára lè dàbí aláìlágbára, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà sá ní ọjọ́ tí ó ní nǹkan lọ́wọ́. Ìhàlẹ̀ dàbí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ eré yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọbẹ̀ ń fẹ́ iyọ̀ lè má tíì mọ ìgbà tí a ń bù ú sí i, àti ìwọ̀n rẹ̀.

Ìwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ wò. Ká sọ pé 600 wà láàárín, tí n kò sì ní ohun kan lọ́wọ́. Mo fi 300 sílẹ̀ láti lé ẹnìkejì mi lọ. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta, n kò jèrè, n kò sì pàdánù: mo gba 600 lẹ́ẹ̀kan, mo sọ 300 nù lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá fi 600 sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sá lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méjì. Títí dé ibẹ̀ ìṣirò náà kò le. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá wà níwájú mi, tí olúkúlùkù sì ń sá lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà mẹ́rin ni àwọn méjèèjì yóò jọ sá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, owó ọ̀ranyàn kéré, kò sì ṣòro fún ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti san owó díẹ̀ kí wọ́n lè wo ohun tí a ó ṣí. Ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ń fi igi kan ṣoṣo lé ewúrẹ́ mẹ́rin kúrò nídìí iṣu: bí mẹ́ta bá sá, ẹ̀kẹrin ń jẹ iṣu lọ.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí à ń halẹ̀ nítorí rẹ̀. Ká sọ pé a fún olúkúlùkù ní 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí owó ọ̀ranyàn sì jẹ́ 100 àti 200. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun jẹ́ 300, èyí tí kò ju ọ̀kan àti ààbọ̀ lọ nínú 100 ohun tí mo ní. Nígbà tí ó bá pẹ́, tí owó ọ̀ranyàn di 2,000 àti 4,000, tí èmi sì ní 40,000, ohun tí ó wà láàárín di 6,000, èyí tí í ṣe 15 nínú 100 ohun tí mo ní. Nígbà náà ìhàlẹ̀ ní ìdí, nítorí bí mo bá jókòó lásán, owó ọ̀ranyàn yóò jẹ mí tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sí ohun tí ń lé mi. Lẹ́yìn èyí, láàárín àwọn tí ó bá pẹ́ jù nínú ìdíje ni a ń pín ẹ̀bùn. Nítorí náà ẹni tí owó eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní wákàtí kìn-ín-ní kò tíì ní ìlọ́po méjì ìrètí, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá tán ti pàdánù gbogbo ìrètí rẹ̀. Ohun tí ó lè sọ nù wúwo ju ohun tí ó lè jèrè lọ.

Ẹ̀kẹta ni irú ènìyàn tí a ń halẹ̀ mọ́, èyí ni mo sì ní kí àlejò mi rò dáradára. Ta ni ìhàlẹ̀ ń lé? Ẹni tí ń ronú ni. Kí ènìyàn tó lè ju káàdì tí ó dára díẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó lè wà lọ́wọ́ ẹni yìí? Èló ni mo lè pàdánù?" Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè bẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ni irú wọn sì pọ̀ jù: àwọn tí ó wá ṣeré lásán, àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan àwọn jẹ, àwọn tí ó rí áàsì kan tí wọ́n sì rò pé ọ̀ràn ti parí. Ẹni tí ó bá halẹ̀ mọ́ wọn ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni orúkọ. Ìhàlẹ̀ kò ní agbára tirẹ̀. Ọwọ́ òtítọ́ ni ó ti ń yá a. Nígbà tí mo bá fi owó púpọ̀ sílẹ̀ tí ẹnìkejì mi sì sá, ohun tí ó lé e ni ìrántí pé nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹnìkan sì dúró láti wò ó, káàdì rere ni a bá lọ́wọ́ mi. Ní wákàtí kìn-ín-ní, ìrántí wo ni ó wà? Ẹnikẹ́ni kò tíì rí òtítọ́ mi. Owó tí n kò tíì fi pamọ́ ni mo ń ná.

Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti ìdíje ọdún 2003 tí mo mẹ́nu kàn. Ẹni méjì ni ó kù: Ọ̀gbẹ́ni Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti Tennessee, àti Ọ̀gbẹ́ni Sam Farha, ẹni tí ó ti pẹ́ nínú eré náà. Nígbà tí a ti ṣí káàdì mẹ́rin, Moneymaker fi kún owó tí Farha fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ní ohun kan lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀nà méjì ni káàdì ìkẹyìn lè gbà sọ ọ́ di alágbára. Káàdì ìkẹyìn jáde, kò bá ti rẹ̀ mu. Síbẹ̀ ó ti gbogbo ohun tí ó ní sáàárín. Farha ní káàdì méjì oní-9, èyí tí ó ju ti Moneymaker lọ. Ó rò ó, ó rò ó, ó sì jù ú sílẹ̀. Moneymaker ni ó borí nínú ìdíje náà, ó sì gba 2,500,000 dọ́là. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlàjì ìtàn yìí yóò lọ halẹ̀ ní ìpín kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà níwájú Moneymaker, ẹni tí ń ronú ni, owó àárín tó ohun tí ènìyàn ń jà fún, ọjọ́ mélòó kan ni ó sì ti fi jókòó nídìí tábìlì kí ó tó dé ibẹ̀.

Inú ìtàn yìí kan náà ni a ti rí ẹ̀kọ́ karùn-ún: ìhàlẹ̀ tí ó ní ìrètí lẹ́yìn sàn ju èyí tí kò ní lọ. Bí mo bá ní káàdì mẹ́rin tí ó jẹ́ ti ọ̀wọ́ kan náà, tí ó ku káàdì kan kí a ṣí, mẹ́sàn-án nínú 46 tí n kò tíì rí ni ó lè mú márùn-ún mi pé, èyí tí ó tó bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún. Bí ó bá ku méjì, ó tó bí ìgbà 35 nínú 100. Bí wọ́n bá sá, ó dára. Bí wọn kò bá sá, ọ̀nà kò tíì dí pátápátá. Nítorí náà mo wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Ní ìbẹ̀rẹ̀, máa halẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré: nígbà tí ó bá jẹ́ ẹnì kan ni ó wà níwájú rẹ, tí o sì ti rí i pé ó máa ń ronú, tí iye tí o fi sílẹ̀ kò pọ̀, tí o sì ní ìrètí kejì. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá kù, ju káàdì rẹ sílẹ̀ kí o jókòó jẹ́ẹ́."

Inú rẹ̀ dùn, nítorí mo ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ti kìn-ín-ní ni ó wúwo jù: irọ́ ni, àbí kì í ṣe irọ́?

Ẹlòmíràn yóò wí pé eré ni, kò sì sí irọ́ nínú eré. Augustine Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, nínú ìwé tí ó kọ nípa irọ́ ní nǹkan bí ọdún 395, yọ àwàdà kúrò nínú irọ́, nítorí ohùn àti ìṣesí aláwàdà ń fi hàn pé kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n èyí kò tó fún wa, nítorí ẹni tí ń halẹ̀ nínú póká fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ gba òun gbọ́ ní tòótọ́. Thomas Aquinas, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, súnmọ́ ọ̀ràn wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ibùba nínú ogun, ó ya ohun méjì sọ́tọ̀. Kí a wí ohun tí kì í ṣe òtítọ́ fún ọ̀tá, tàbí kí a da májẹ̀mú tí a bá a dá, èyí kò tọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èrò ọkàn wa hàn án, èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ rántí Gídíónì àti 300 ọkùnrin rẹ̀ pẹ̀lú ìpè, ìṣà àti òtùfù wọn. Kò rán oníṣẹ́ sí àwọn ará Mídíánì láti parọ́ pé ogun òun pọ̀ bí eṣú. Ó fọn ìpè, ó fọ́ ìṣà, ó sì jẹ́ kí òkùnkùn sọ ìyókù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nídìí ayò tiwa. Ihò 12 ni ó wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 sì wà níta gbangba tí ojú gbogbo ènìyàn tó o. Síbẹ̀, ọ̀tayò wo ni ó máa ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ihò báyìí ni òun ń ṣọ́? Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà, a kò sì pe àgbà ní òpùrọ́ nítorí rẹ̀. Owó tí a fi sáàárín nínú póká kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ mọ̀ kí ó tó jókòó pé owó yìí lè ní nǹkan lẹ́yìn, ó sì lè ṣófo. Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì lè dìde nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ ni a ṣe sí i.

Ohun kan sì yà mí lẹ́nu nínú àwọn òfin ìdíje náà. Ènìyàn lè fi káàdì rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi owó eré ńlá pamọ́ sẹ́yìn kéékèèké, kí ẹnìkejì rẹ̀ má baà ṣi iye tí ó ní kà. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ gbìmọ̀ pọ̀ sí ẹni kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àmì sára káàdì. Èyí ni pé nínú ilé ìhàlẹ̀ pàápàá, ilẹ̀ òtítọ́ ni gbogbo wọn dúró lé, ẹni tí ó bá sì gbẹ́ ilẹ̀ náà, olè ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọlọ́gbọ́n. Nítorí náà mo dá a lóhùn pé, láàárín àwọn tí ó mọ òfin eré tí wọ́n sì ti gbà á, ìhàlẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ǹjẹ́ ẹ̀yin náà ti halẹ̀ rí?" Àwàdà ni ó fi ṣe. Mo dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ọmọ ilé-ìwé kankan rí.

Ní ọdún kìn-ín-ní tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a rán mi lọ sí ilé-ìwé ìjọ kan ní abúlé. Ọmọ 41 ni ó wà ní kíláàsì mi. Mo kéré, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn kan nínú wọn ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo pa ìwé orúkọ dé, mo lu tábìlì, mo ní, "Ẹnikẹ́ni tí ó bá pẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé, kí ó má wulẹ̀ wọlé. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yìí." N kò ní agbára láti yọ orúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bẹ̀rù, kì yóò sì sí ẹni tí yóò dán an wò.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ méje ni ó pẹ́ dé. Mẹ́fà nínú wọn ni àwọn alágídí tí mo tìtorí wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, n kò sì rí nǹkan kan ṣe. Ọmọ keje ní tirẹ̀ kì í ṣe alágídí. Ó máa ń bá ìyá rẹ̀ ru epo dé ojú ọ̀nà ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé ó dé abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà ní iwájú kíláàsì, ó dúró, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì yí padà. N kò rí i. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó na ìwé kíkà kan tí í ṣe ti ilé-ìwé sí mi, ó ti fi bébà bò ó lẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ ọ títí dé ibi tí ẹ kọ́ ọ dé. Ó ní ẹ ti yọ orúkọ òun. Ìwé yín nìyí."

Mo bá a lọ sí oko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀ pé n kò yọ orúkọ rẹ̀ rí, pé n kò tilẹ̀ ní agbára láti yọ ọ́, pé ohun tí mo wí kì í ṣe òtítọ́. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún náà, nígbàkúùgbà tí mo bá sọ ohun kan ní kíláàsì, ó máa ń kọ́kọ́ wo ojú àwọn mẹ́fà wọ̀nyẹn kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun gbà mí gbọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ti sọ nípa eré. Gbogbo àṣìṣe tí àlejò mi ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ni èmi náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo halẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ní ìrètí kejì bí wọn kò bá bẹ̀rù. Wọn kò tíì mọ̀ mí, n kò sì tíì ṣe ohun kan tí mo sọ kí wọ́n lè ní ìdí láti gbà mí gbọ́. Àwọn tí mo fẹ́ dẹ́rù bà kò bẹ̀rù, nítorí wọn kì í ronú lórí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ mi ni ó sá. Èyí ni aburú tí ó wà nínú ìhàlẹ̀ asán: onígbọràn ni ó máa ń bà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ó ya tèmi sọ́tọ̀ kúrò nínú ti póká, ohun ni ó sì sọ ọ́ di irọ́. Ọmọ náà kò bá mi jókòó sí eré kankan. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ lè ṣófo. Èmi ni mo ní agbára, òun ni ó kéré. Káàdì kọ́ ni ó jù sílẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo sì fi ṣe é, kì í ṣe pé mo dákẹ́ lórí èrò ọkàn mi. Ibi tí ẹnìkejì kò ti mọ̀ pé eré ni, eré ti tán níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó káàdì rẹ̀ jọ, ó ní, "Tíṣà, ǹjẹ́ ọmọ náà gbà yín gbọ́ nígbẹ̀yìn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún kejì." Ó bi mí bí mo ti ṣe é. Mo ní n kò ṣe ju èyí lọ: mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ kìkì ohun kékeré tí mo lè ṣe. Mo ní ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò gbá ìdajì àgbàlá, mo sì dúró tì í títí ó fi gbá a. Mo ní ẹni tí ó bá kọ́ orí ìwé kan tán yóò kà á fún mi lẹ́yìn ìpàdé, mo sì jókòó gbọ́ ọ, bí ebi tilẹ̀ ń pa mí. Lẹ́yìn ọdún kan báyìí, n kò nílò láti lu tábìlì mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹ̀rù bá ń bà yín ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ kò lè ṣe lé ẹ̀rù náà lọ. Ẹ sọ díẹ̀, kí ẹ sì ṣe díẹ̀ náà kí gbogbo ọmọ rí i. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá ń ta ayò tàbí ẹ ń ṣe eré mìíràn tí gbogbo yín mọ òfin rẹ̀, ẹ fi èrò yín pamọ́ bí ó ti tọ́, kí ẹ sì ta á dáradára. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbà yín gbọ́ tí kò sì mọ̀ pé eré ni ẹ ń ṣe, ẹ tètè sọ fún un, kí ó tó yí padà lábẹ́ igi máńgòrò.